Irun Ara Lehalima

Bí wọ́n bá ní kí Seboche dárúkọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò gbà ní abúlé Ha Molapisi, kò ní ronú rárá. Yóò kàn na ìka sí òkè odò, níbi tí páànù tuntun ti ń kọ mọ̀nà lórí ilé ẹṣin Rapitso. Kì í ṣe pé Rapitso ṣẹ̀ ẹ́. Ká ní ó ṣẹ̀ ẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn, nítorí ẹni tó bá ṣẹ ni, a lè pè é lẹ́jọ́ níwájú baálẹ̀, kí wọ́n dá a lẹ́bi, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Owú ni Seboche ń jẹ, baálẹ̀ kan ò sì tíì dá ẹjọ́ owú rí.

Àwọn méjèèjì jọ da ẹran lórí òkè nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Nígbà náà, Seboche ni ọ̀gá. Òun ló kọ́ Rapitso ní ẹṣin gígùn, òun náà ló sì máa ń rẹ́rìn-ín jù bí Rapitso bá já láti ẹ̀yìn ẹṣin sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, Rapitso bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà lábẹ́ ilẹ̀. Seboche ò lè lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ àti màlúù wà nílẹ̀. Ó dúró, ó fẹ́ 'Makhauta, ó bí ọmọ tó ń jẹ́ Khauta, ó sì di ẹni tí gbogbo ẹlẹ́ṣin orí òkè náà ń tọ̀ wá. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ẹṣin, Seboche ni yóò la ẹnu ẹṣin náà wo eyín. Bí ẹṣin bá ń tiro, Seboche ni yóò gbé pátákò rẹ̀ lé orúnkún. Wọ́n á bu ọtí ọkà bàbà fún un, wọ́n á máa pè é ní Bàbá Ẹṣin. Ayé dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi ìgbà tí Rapitso padà dé, pẹ̀lú ikọ́ láyà àti owó lápò. Ó ra ẹṣin aláwọ̀ eérú kan, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Moholi, nítorí pé àwọ̀ ìkùukùu òwúrọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ ilé òkúta fún un, ó sì fi páànù bo ilé náà. Ẹ gbọ́ ná, ilé ẹṣin, onípáànù! Ẹṣin Seboche àti ti gbogbo ará abúlé ń sùn nínú ọgbà òkúta tí kò ní òrùlé, bí ẹṣin bàbá wọn ṣe sùn. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń lọ wò ó. Nígbà tó tún yá, bí wọ́n bá ti wò ó tán, wọ́n á jókòó, wọ́n á bi Rapitso léèrè ọ̀rọ̀ ẹṣin. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan fa ẹṣin tó ń tiro kọjá lẹ́nu ọ̀nà Seboche, tó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí òkè odò, Seboche ti àwo oúnjẹ rẹ̀ kúrò níwájú.

"Àbí ẹ̀fọ́ yẹn ò dáa ni?" 'Makhauta bi í.

"Ẹ̀fọ́ dáa. Àwọn èèyàn ni ò dáa."

'Makhauta wo ojú ọ̀nà, ó rí ìdí ẹṣin tó ń tiro náà bó ṣe ń gun òkè lọ. Ó gbé àwo kúrò nílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Seboche ní tí Rapitso ò ní, Lehalima ni. Ẹṣin pupa ni, ó sì yára bíi mànàmáná tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ ṣubú lórí àpáta, tó sì kú. Kúbùsù ìgbéyàwó Seboche, èyí tó ní àwòrán àgbàdo lára, ni ó fi gbé e sọ̀kalẹ̀ wálé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní wàrà màlúù títí ó fi lè dá koríko jẹ. 'Makhauta máa ń sọ pé bí òun àti ẹṣin náà bá jọ ṣubú sódò, òun ti mọ ẹni tí ọkọ òun máa kọ́kọ́ fà jáde.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n kórè ọkà bàbà tán, àsíá funfun wà lókè ní ilé 'Matefo, obìnrin tó ń pọn ọtí, láti fi hàn pé ọtí ti dé. Gbogbo ẹlẹ́ṣin ló péjọ síbẹ̀. Rapitso dìde láàrin wọn, ó kọ́kọ́ wúkọ́, lẹ́yìn náà ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Òtútù ọdún yìí máa le. Ẹ gé koríko pamọ́. Ẹ tètè kó àwọn ẹṣin yín sọ̀kalẹ̀ látorí òkè. Rédíò náà sọ ọ́."

Ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rín fọ́ ògiri ilé náà. Tieho, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ẹṣin méjì tí ẹnu rẹ̀ sì tó ti ẹṣin mẹ́wàá, gbé igbá ọtí kúrò lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ̀yin yìí kan náà lẹ sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá! Mo kó pòròpórò àgbàdo sílé títí ìyàwó mi ò fi ríbi na ẹsẹ̀ sí. Òtútù wo ló wá dé? Oòrùn ni mo yá títí mo fi dúdú sí i!"

"Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ rédíò," ẹlòmíràn ké láti ẹ̀yìn. "Rédíò ló ní òjò ń bọ̀ tí ẹ̀wà mi fi gbẹ mọ́ oko."

Seboche dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀ díẹ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn ju òkò.

"Ẹ má dá a lẹ́bi," ó ní. "Ẹni tó gbé abẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ibo ló ti máa mọ ojú ọ̀run?"

Ilé dàrú. Tieho fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ní, "Bàbá Ẹṣin, ẹ ti pa á!" Inú Seboche dùn, ara rẹ̀ yá gágá, ó dà bíi pé wọ́n dá oyè rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n Rapitso kò bínú. Ó ní:

"Ó dáa, ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ jáde lọ fọwọ́ kan irun Lehalima níta yẹn. Irun ẹṣin kì í purọ́."

Wọ́n jáde. Tieho ló kọ́kọ́ nawọ́ sí ọrùn Lehalima, ìka rẹ̀ sì rì sínú irun náà, a ò rí èékánná rẹ̀ mọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Háà. Èyí kì í ṣe irun ẹṣin mọ́ o. Irun àgùntàn ni."

Gbogbo wọn fọwọ́ kàn án níkọ̀ọ̀kan. Rapitso náà fọwọ́ kàn án, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Seboche dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹṣin tí òun fi wàrà tọ́, òun náà ló wá ń ṣe ẹlẹ́rìí fún Rapitso!

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ò ti wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ á yà, àwọn àgbà á yà, baálẹ̀ pàápàá gun ẹṣin rẹ̀ wá. "Ẹ kúulé o. A ní ká wá wo ọ̀rọ̀ tí Rapitso sọ ni." Wọ́n á ti ọwọ́ bọ irun Lehalima, wọ́n á mi orí, wọ́n á máa lọ. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tí Seboche rò. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko. Àwọn tí kò gbà á gbọ́ pọ̀ jù wọ́n lọ, wọ́n sì ń wo ojú Seboche gẹ́gẹ́ bí aṣáájú wọn, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn náà ti ń yọ́ wo òkè. Ní ọkàn ara rẹ̀, òun gan-an mọ̀ pé òun ò rí irú irun bẹ́ẹ̀ lára ẹṣin náà rí. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ̀rọ̀ náà, ì bá ti mú dòjé.

Kàkà kó mú dòjé, àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn ló mú.

"Bàbá Khauta, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" 'Makhauta bi í.

"Eré-ìje ọjọ́ ìbí ọba kù sí dẹ̀dẹ̀. Irun yìí ti pọ̀ jù, á máa mú un làágùn."

"Ṣé eré-ìje ni, àbí Rapitso ni?"

"Obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mò ń sọ."

"Èmi náà, ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá rẹ́ irun yín, ẹ máa dé fìlà. Òun ńkọ́?"

Seboche ti àlùmọ́gàjí bọ irun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó rẹ́ ẹ dé ìdí. Lehalima dúró jẹ́ẹ́, kò tilẹ̀ ju ìrù, nítorí ọwọ́ tó fún un ní wàrà ló ń rẹ́ ẹ. Irun pupa ń já bọ́ sílẹ̀ ní òkìtì òkìtì. 'Makhauta gbá gbogbo rẹ̀ jọ, ó kó o sínú àpò ọkà, ó sì lọ gbé e sí igun ilé.

Ẹ ò bá rí Seboche lọ́jọ́ kejì! Ara ẹṣin náà ń dán bí ìkòkò tí wọ́n fi epo pa. Ó gùn ún la àárín abúlé já, ó ń pariwo pé, "Ẹ wá fọwọ́ kàn án báyìí o! Ẹ wá wo òtútù Rapitso!" Àwọn tó ń gé koríko ju dòjé sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Tieho ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń kọrin pé òtútù ti rí àlùmọ́gàjí, òtútù ti fẹsẹ̀ fẹ. Seboche gùn ún títí dé iwájú ilé páànù. Rapitso jáde, ó wo ẹṣin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Seboche," ó ní jẹ́ẹ́, "o bọ́ ẹṣin náà síhòòhò."

"Ara ń ta ọ́ ni. Lọ́jọ́ eré-ìje, ìdí rẹ̀ ni wàá máa wò."

Ó sì rí bó ṣe wí. Oòrùn ràn lọ́jọ́ eré-ìje bíi pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà, ẹnikẹ́ni ò de kúbùsù rẹ̀ mọ́yà. Khauta, ọmọ Seboche tó ti di géńdé, ló gun Lehalima. Moholi ṣáájú títí wọ́n fi dé ibi igi kan ṣoṣo tó wà ní pápá náà. Ibẹ̀ ni Lehalima ti kọjá rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Seboche ju fìlà koríko rẹ̀ sókè, ó jó, ó fò, wọ́n gbé e lé èjìká. Láti orí èjìká náà ló ti ń wá ojú Rapitso. Ó fẹ́ rí ìbànújẹ́ níbẹ̀, ó wá a bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sínú koríko. Rapitso ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nawọ́ sí Lehalima fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí adùn ọjọ́ náà ṣe tán lẹ́nu Seboche nìyẹn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, òjò dídì ti dé. Ẹnu ọ̀nà ò ṣeé ṣí, Khauta ló fi èjìká tì í. Ohun gbogbo funfun, a ò mọ ibi tí ògiri pin sí. Seboche walẹ̀ dé ọgbà òkúta. Ẹṣin Khauta dúró síbẹ̀, òjò dídì kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹrù, ó sì ń jẹ ẹnu lásán, kò tilẹ̀ gbọ̀n. Irun rẹ̀ kò jẹ́ kí ohun tó wà lókè mọ̀ pé ara gbígbóná wà nísàlẹ̀. Ti Lehalima kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò náà bá ti bà lé e ló ń yọ́, omi á ṣàn lọ sí ikùn rẹ̀, á sì dì níbẹ̀. Ẹṣin náà ń gbọ̀n débi pé eyín rẹ̀ ń lura.

Seboche bọ́ kúbùsù alágbàdo rẹ̀, ó fi bò ó. Kò pẹ́ tí kúbùsù náà fi rin gbingbin. 'Makhauta gbé àpò irun náà jáde, ó ń bu irun pupa náà lẹ́kúnwọ́, ó ń fi í ra ara ẹṣin náà, irun náà sì ń já bọ́ sórí òjò dídì. Ó rí i pé irun tí wọ́n ti rẹ́ kò ṣeé lẹ̀ padà. Ó dúró.

"Bàbá Khauta, ẹ mú un lọ sí ilé Rapitso."

"Kò ṣeé ṣe."

"Á kú o."

"Mo ní kò ṣeé ṣe! Kí n fa ẹṣin yìí lọ bá a? Kí ó máa wò mí? Kí ó máa rẹ́rìn-ín?"

'Makhauta nu omi ojú rẹ̀ nù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Owú ò gbóná, Bàbá Khauta. Bó bá gbóná ni, ẹṣin yìí ì bá ti máa làágùn."

Síbẹ̀ kò lọ. Oòrùn tó yẹ kó wà lókè orí kò yọ, òjò náà ò dá, Seboche sì wà nínú ọgbà náà, ó di ọrùn Lehalima mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń ṣépè fún ọ̀run, fún rédíò, fún páànù. Ìgbà tí ẹṣin náà fi orúnkún iwájú kanlẹ̀ ni nǹkan já nínú rẹ̀. Òun àti Khauta gbé e dìde, wọ́n sì mú ọ̀nà òkè odò pọ̀n.

Nígbà tí wọ́n dé ilé páànù, ó rí i pé òun kọ́ ni òun kọ́kọ́ dé. Ẹṣin Tieho méjèèjì wà nínú ibẹ̀, ẹṣin gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ilé 'Matefo wà níbẹ̀, wọ́n fún mọ́ra wọn. Àwọn tó ni wọ́n dúró lábẹ́ ìgbátí òrùlé, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnìkejì. Tieho tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá Ẹṣin, ẹ má bínú. Ibẹ̀ ti kún. Àyè kan ò sí mọ́."

Rapitso ti inú ilé náà yọ. Ó wo Lehalima, kò wo Seboche. Ó padà wọlé, ó tú okùn Moholi, ó sì fà á jáde sínú òjò dídì.

"Mú u wọlé," ó ní.

"Moholi ńkọ́?" Seboche bi í.

"Moholi ní irun lára."

Khauta fa Lehalima wọlé sáàárín ara gbígbóná àwọn ẹṣin yòókù. Seboche ò lè sọ pé ó ṣeun. Owú tó mú un lákòókò náà le ju gbogbo èyí tó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Páànù, ó gbà. Koríko, ó gbà. Ṣé ojú àánú náà, Rapitso ló tún máa ní in ju òun lọ? Òun mọ̀ dájú pé, ká ní òun ló ni ilé náà, òun ò ní tú okùn Lehalima fún ẹṣin ẹnikẹ́ni. Ó rìn jáde, ó lọ dúró ti Moholi ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, láìní kúbùsù lára, kí Rapitso má baà borí òun nínú ìyẹn náà.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ikọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rapitso ṣí apá kan kúbùsù rẹ̀, ó fi bo èjìká Seboche, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n jọ ń da ẹran.

"Báwo lo ṣe mọ̀?" Seboche bi í.

"Mọ kí ni?"

"Òtútù yìí."

"N ò mọ̀ ọ́n."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Rapitso."

"N ò mọ̀ ọ́n, mo ní! Ṣé lọ́dún tó kọjá, n ò sọ ọ́? Ọdún tó ṣáájú ńkọ́? Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́. Àyà mi yìí ò dáa mọ́ látìgbà tí mo ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá tutù, n kì í lè mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣé o rò pé torí Moholi ni mo ṣe kan páànù? Èmi náà máa ń wá sùn síbẹ̀, torí pé ara ẹṣin gbóná ju iná lọ."

Seboche yíjú sí i.

"Irun Lehalima ńkọ́? O ní kí gbogbo ayé lọ fọwọ́ kàn án."

Rapitso wo ilẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Gbogbo ẹṣin ló ń hu irun lásìkò yẹn. Tiẹ̀ kàn dáa ju ti gbogbo wọn lọ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fọwọ́ kan ẹṣin yẹn, o ò jẹ́ kéèyàn sún mọ́ ọn. Moholi tí mo rà yìí, torí kí n lè ní irú Lehalima ni. Kò sì jọ ọ́."

Seboche yíjú padà sí ilé páànù náà. Láti ibi tó dúró, ó ń rí ẹ̀yìn Lehalima láàárín àwọn ẹṣin onírun. Ẹ̀yìn náà ń dán, ó ń gbọ̀n, àlùmọ́gàjí òun ló sì ṣe é. Ó bojú sínú kúbùsù Rapitso, ó sọkún. Rapitso ń wúkọ́, ó sì fa kúbùsù náà bò ó dáadáa.

Lehalima kò kú. Ṣùgbọ́n òtútù náà wọ̀ ọ́ láyà, kò sì tún sá eré-ìje mọ́. Bó bá gun òkè díẹ̀, á máa wúkọ́ bíi Rapitso. Nígbà tí irun rẹ̀ hù padà, gbogbo ibi tí yìnyín ti dì mọ́ ọn ní ikùn ló hu irun funfun. Ilé ẹṣin Seboche náà ti ní páànù báyìí, Rapitso sì bá a kàn án.

Bí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà tán lọ́dọọdún, Seboche á fa Lehalima lọ sí ilé 'Matefo, á ní Rapitso ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Rapitso á ti ìka bọ irun náà, á pẹ́ níbẹ̀, á sì ní òtútù ọdún yìí máa le. Tieho á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá!" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Lehalima á gbé orí lé èjìká Rapitso, ibẹ̀ ni Seboche á ti gbójú sí ibòmíràn, nítorí owú náà ò tíì tán. Lẹ́yìn náà, á mú dòjé, á lọ gé koríko.